Ohùn Ummu-Kulthum Lẹ́yìn Ìdákẹ́

"Máa bọ̀. Ilẹ̀ ibí le. Máa bọ̀."

Ummu-Kulthum sọ ọ́ sínú gbohùngbohùn tán, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ìrètí, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló fà á. Ó dúró sẹ́yìn Àǹtí Kọ́pà, ó ń fi ẹnu ṣe bí ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo iṣu.

"Ìrètí, o ò ní jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ ríbi sọ̀rọ̀?" Àǹtí Kọ́pà kò tiẹ̀ wẹ̀yìn. "Ó dáa, n ò tún un gbà mọ́. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ló máa wà níbẹ̀."

Àgùnbánirọ̀ ni Àǹtí Kọ́pà. Bùkọ́lá ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan ní ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní Adéwọlé, nílùú Ìlọrin, tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe géèmù tí Ẹgbẹ́ Kọ̀ǹpútà fi ń ṣeré lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti parí. Nínú géèmù náà, akẹ́kọ̀ọ́ méjì-méjì ni yóò wa ọkọ̀ òfuurufú lọ sí ayé kan tó jìnnà réré, tí Àǹtí Kọ́pà sọ ní Ìdákẹ́. Wọn yóò wọn bí ooru ibẹ̀ ti mú tó, bí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti ń fẹ́ sí, àti bí ilẹ̀ rẹ̀ ti le tó, wọn yóò sì fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sílé.

Ohun kan wà tó mú kí géèmù náà yàtọ̀. Ìròyìn tí àwọn méjì bá kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ nípa ibì kan ni yóò di ọ̀nà fún gbogbo àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Nítorí náà, ẹnì kan ni yóò wọn ilẹ̀. Ẹnì kejì rẹ̀ ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò, tí yóò sì tẹ nọ́ńbà àṣírí tirẹ̀ láti fọwọ́ sí i pé òótọ́ ni. Láti ìgbà náà lọ, ohùn ẹni tó fọwọ́ sí i ni ọkọ̀ yòówù tó bá sún mọ́ ibẹ̀ yóò máa gbọ́. Bí ilẹ̀ bá le, ohùn náà yóò ní kí ó máa bọ̀. Bí kò bá le, yóò ní kí ó má bọ̀. Ìdí nìyí tí Àǹtí Kọ́pà fi ń gba ohùn wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìrètí ló ń wọn ilẹ̀ fún ẹgbẹ́ tirẹ̀, Ummu-Kulthum ló ń fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ìrun Alásárì máa ń bọ́ sí àárín eré wọn. Nígbà tó yá, Ummu-Kulthum sọ nọ́ńbà rẹ̀ sí Ìrètí létí.

"Ohun tí a bá ti jọ yẹ̀ wò ni o," ó kìlọ̀. "Bí mo bá lọ kírun, kí iṣẹ́ má baà dúró, bá mi tẹ̀ ẹ́. Àǹtí ò gbọ́dọ̀ gbọ́, wallahi."

"Hájíà mi, lọ kírun rẹ. Gbàdúrà fún èmi náà."

"Ìwọ akọrin yìí! Ta ló máa gbàdúrà fún ẹ tó o bá tún ṣe bí ewúrẹ́?"

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é, kò sì sí aburú kankan, títí di ọjọ́ tí ọkọ̀ wọn yí lọ sí ẹ̀yìn Ìdákẹ́.

Ọyẹ́ mú gan-an lọ́jọ́ náà. Eruku ti bo oòrùn, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ojú aláìsàn. Àǹtí Kọ́pà ta aṣọ dúdú sí gbogbo fèrèsé yàrá kọ̀ǹpútà bó ti máa ń ṣe, kí ó lè dà bí inú ọkọ̀. Ìrètí ki íápíìsì bọ etí. Bí ọkọ̀ ṣe wọ ẹ̀yìn Ìdákẹ́, níbi tí oòrùn kì í dé, gbogbo ìró dákẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn. Ohùn kan ṣoṣo tó kù ni ìró afẹ́fẹ́, tó ń wọlé tó ń jáde, bí ẹni tó sùn sítòsí rẹ̀ tó ń mí.

Ó gbọ́dọ̀ dúró títí ẹ̀rọ yóò fi wọn ilẹ̀ náà tán. Ummu-Kulthum ti lọ kírun. Ìrètí dúró, ó dúró, ẹ̀rọ kò fọhùn. Ní ìjókòó kejì, Nàfísàt àti ẹnì kejì rẹ̀ ti ń múra láti wa ọkọ̀ tiwọn bọ̀. Gbogbo wọn ló sì mọ̀ pé àwọn méjì tó bá kọ́kọ́ mú ìròyìn gbogbo Ìdákẹ́ délé ni yóò lọ bá àwọn ilé-ìwé mìíràn díje ní Àbújá.

"Iwájú le níbi gbogbo," Ìrètí sọ nínú ara rẹ̀. "Kí ló máa mú ẹ̀yìn yàtọ̀?"

Ó kọ ìròyìn iwájú sí ẹ̀yìn. Nígbà tí géèmù béèrè ẹni tó fọwọ́ sí i, ó tẹ nọ́ńbà Ummu-Kulthum.

Ummu-Kulthum wọlé, omi àlùwàlá ṣì wà ní etí ìbòrí rẹ̀. "Ṣé ó ti wọ̀n ọ́n?"

"Ó ti wọ̀n ọ́n," ni Ìrètí wí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì ṣe kọ́kọ́ mú ìròyìn gbogbo Ìdákẹ́ délé.

Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ tún pàdé ni ọkọ̀ Nàfísàt sún mọ́ ẹ̀yìn Ìdákẹ́. Ó ti yọ íápíìsì kúrò kí gbogbo yàrá lè gbọ́. Nínú òkùnkùn náà, ohùn ọmọbìnrin kan dún, ó rọra, ó sì dùn ún gbọ́.

"Máa bọ̀. Ilẹ̀ ibí le. Máa bọ̀."

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín.

Nàfísàt sọ ọkọ̀ rẹ̀ kalẹ̀. Kò sí ilẹ̀ níbẹ̀. Eruku lẹ́búlẹ́bú ló bo ẹnu ọ̀gbun, ọkọ̀ náà sì wọ inú rẹ̀ lọ láìdún rárá. Iná rẹ̀ hàn fún ìgbà díẹ̀ lábẹ́ eruku, ó ń kéré sí i, ó ń kéré sí i, ó sì kú. Síbẹ̀ ohùn náà kò dákẹ́. "Máa bọ̀," ló ń wí. "Máa bọ̀." Ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ummu-Kulthum!" Nàfísàt pariwo. "Kí ni mo ṣe fún ẹ?"

Àǹtí Kọ́pà wo ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹ̀rọ kò wọn ibí yìí rárá. Irọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀, nọ́ńbà Ummu-Kulthum ló sì fọwọ́ sí i. Ummu, ìwọ lo tẹ̀ ẹ́?"

Ummu-Kulthum yíjú sí Ìrètí, ó sì dúró. Kò bínú, kò sunkún, ó kàn ń wò ó, ó ń retí. Ìrètí wo ilẹ̀.

"Nọ́ńbà mi ni, mà," Ummu-Kulthum wí níkẹyìn.

"Ẹni tó fọwọ́ sí i ló máa dáhùn fún un, o ò ní lọ sí Àbújá. Mo sì máa ní láti sọ fún Bàbá rẹ."

Ìrètí rọra ń rìn lọ sílé nínú eruku ọyẹ́. Kò rí iwájú dáadáa. Bí ó ti kọjá lẹ́bàá ògiri kan, ó gbọ́ ọ lẹ́yìn rẹ̀ kedere: "Máa bọ̀." Ó wẹ̀yìn. Ìyá kan ló ń pe ọmọ rẹ̀ kékeré láti ẹnu géètì, ṣùgbọ́n àyà Ìrètí kò yé já títí ó fi wọlé.

Àwọn ará Ọ̀mù-Àrán ni òbí rẹ̀, wọn kì í jẹun alẹ́ láìkọrin sí Ọlọ́run. Ìrètí ló máa ń dá orin. Lọ́jọ́ yìí, ó la ẹnu, ohùn kò jáde. Ohùn kan ṣoṣo tó ń dún lórí rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, ẹ̀rín sì wà nídìí rẹ̀.

"Ìrètí, ohùn ẹ dà?" Màmá rẹ̀ béèrè.

"Ọyẹ́ ni, mà."

Màmá wò ó lójú. "Ọyẹ́ kì í mú èèyàn bẹ̀rù báyìí. Bá Ọlọ́run sọ ọ́ tó ò bá lè bá mi sọ ọ́."

Ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó rí sọ ni, "Olúwa, mú un kúrò." Kò sọ pé òun ló fi í síbẹ̀.

Nígbà tí ẹgbẹ́ tún jókòó, àga Ummu-Kulthum ṣófo. Alhaji Hàrúnà, bàbá rẹ̀, tó ní ilé ìtajà òògùn ní Pàkátà, ti ní kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ mọ́. Tipátipá ló fi gbà kí ó lọ sí Àbújá tẹ́lẹ̀. "Ẹ ní ìmọ̀ lẹ ń kọ́ ọ," ló sọ fún Àǹtí Kọ́pà. "Ṣé irọ́ ni ìmọ̀ yẹn?"

Wọ́n tan géèmù. Bí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ti ń sún mọ́ ẹ̀yìn Ìdákẹ́ ni ohùn náà ń dún, láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, títí ó fi yí gbogbo yàrá ká nínú òkùnkùn. Máa bọ̀. Ilẹ̀ ibí le. Ọmọ tó ń sọ ọ́ kò sí níbẹ̀. Àga rẹ̀ ṣófo, síbẹ̀ ó ń pè wọ́n, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí sunkún.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ pa á!" ni Ìrètí wí.

"N ò lè pa á," ni Àǹtí Kọ́pà dáhùn. "Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Àwọn tó mú ìròyìn ibì kan wá nìkan ló lè padà lọ wọ̀n ọ́n. Láti tún un wọ̀n, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀, kò sì ní padà wá. Ta ló máa lọ?"

Ìrètí dìde.

"Èmi ni, mà. Èmi ni mo pa irọ́ yẹn. Ummu-Kulthum wà lórí ìrun rẹ̀. Ó fọkàn tán mi, ó fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀, mo sì lò ó."

Àǹtí Kọ́pà fa àga fún un.

Ó wa ọkọ̀ lọ. Òkùnkùn bo ojú kọ̀ǹpútà, mímí afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí pè é. Ó wù ú kí ó yọ íápíìsì, kò yọ ọ́. Ó dúró. Ó dúró títí ẹ̀rọ fi fọhùn, ó fi ìròyìn tòótọ́ ránṣẹ́, Àǹtí Kọ́pà yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ní kí Ìrètí tẹ nọ́ńbà tirẹ̀. Bí ọkọ̀ rẹ̀ ti ń rì sínú eruku, tí iná rẹ̀ ń kéré sí i, ẹ̀rín náà gé lójijì. Ohùn mìíràn ló rọ́pò rẹ̀, ohùn Ìrètí, ó dá wà ní ibi tí oòrùn kì í dé:

"Ẹ má bọ̀. Kò sí ilẹ̀ níbí. Ẹ má bọ̀."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òun àti Àǹtí Kọ́pà lọ sí Pàkátà. Ó kúnlẹ̀ níwájú Alhaji Hàrúnà, ó sọ gbogbo rẹ̀. Alhaji pe ọmọ rẹ̀ jáde, ó ní, "Ìwọ ni Ìrètí ṣẹ̀. Ìwọ ni kó bá sọ̀rọ̀."

"Mo retí ẹ," Ummu-Kulthum wí. "Lọ́jọ́ yẹn, mo ṣáà ń retí kó o sọ̀rọ̀."

"Mo mọ̀. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ẹ́ nítorí Ọlọ́run. Èmi náà ṣẹ̀, kò yẹ kí n sọ nọ́ńbà yẹn fún ẹnikẹ́ni." "Mo ti pààrọ̀ rẹ̀. Má bi mí ní tuntun, Ìrètí. Kò tíì yá."

Alhaji yọ̀ǹda ọmọ rẹ̀, Nàfísàt gba ipò Ìrètí, Ummu-Kulthum àti Nàfísàt sì ni wọ́n lọ sí Àbújá. Ìrètí bá wọn gbé ẹrù dé ìdí ọkọ̀, ó juwọ́ sí wọn, ó sì fẹsẹ̀ rìn padà sílé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ka èyí, bí ẹnì kan bá fi orúkọ rẹ̀ lé yín lọ́wọ́, ẹ má ṣe lò ó fún ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò rí. Irọ́ tí a pa lórúkọ ẹlòmíràn yóò máa pe àwọn aláìmọ̀kan sínú kòtò nígbà tí àwa ti lọ sílé. Àánú Ọlọ́run pọ̀, Ó ń dárí jini. Síbẹ̀ ẹni tí a dárí jì gbọ́dọ̀ padà lọ síbi tó ti pa irọ́, kí ó sọ òótọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú ohùn ara rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa pàdánù ohun tó ń wá.