Àga Méjì ní Calderwick

Bàbá àgbà Tamsin wọ kóòtù nínú ilé. Kóòtù dúdú tó máa ń wọ̀ lọ síbi ìsìnkú ni, ó sì we ìborùn pupa ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Rovers mọ́ ọrùn. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó ń jẹ búrẹ́dì yíyan àti ẹ̀wà agolo. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni èéfín funfun ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá àgbà, ẹ ò tan iná tó ń mú ilé móoru?" Tamsin béèrè.

"Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ooru ara mi tó mi. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lẹ máa ń gbọ̀n bí adìyẹ tí òjò pa."

Tamsin fọwọ́ kan irin abẹ́ fèrèsé tó yẹ kó máa mú yàrá gbóná. Ó tutù nini. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù bí ẹni tó ń wá ṣúgà. Ẹ̀wà agolo nìkan ló wà níbẹ̀. Kò bi í ní ìbéèrè mọ́, nítorí ó mọ ibi tí owó ń gbà lọ.

Wilfred Ogden, bàbá àgbà náà, ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ilé iṣẹ́ ahunṣọ ló ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi tì í pa. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti ń jókòó sórí àga kan náà ní pápá ìṣeré Rovers, tí Edna ìyàwó rẹ̀ sì ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Edna kú, àga rẹ̀ di ti Tamsin, ọmọ ọmọ wọn. Nígbà náà, ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni Rovers wà, tálákà sì lè wọlé wòran láìronú. Àfi bí ẹgbẹ́ náà ṣe gòkè lọ bá àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá. Àwọn olówó tuntun rà á, wọ́n fi ọ̀dà tuntun kun pápá, wọ́n sì fagi lé ẹ̀dínwó tí àwọn àgbàlagbà ń jẹ. Iye tí ọ̀gá báńkì ń san ni Wilfred náà wá ń san, oṣooṣù ni wọ́n sì ń yọ ọ́ nínú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Òun náà ló ń san ti Tamsin. Denise, ìyá ọmọ náà, ń fọ ilẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ méjì. Owó tó ń rí kò ju èyí tí wọ́n ń jẹ lọ.

"Tá a bá fi àga méjèèjì sílẹ̀ ńkọ́?" Tamsin rọra sọ ọ́.

"Fi í sílẹ̀ kẹ̀? Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló tò sẹ́yìn tí wọ́n ń dúró de àga. Ọjọ́ tí mo bá dìde ńbẹ̀, mi ò tún ní jókòó síbẹ̀ mọ́ láyé. Ibẹ̀ lèmi àti ìyá àgbà ẹ ti ń ṣeré. Sọ nǹkan míì, jàre. Mo lówó."

Irọ́ ni. Tamsin mọ̀ pé irọ́ ni, bàbá náà sì mọ̀ pé ó mọ̀. Àwọn méjèèjì há síbẹ̀: iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí.

Lọ́nà ilé ni Kieran ti dá a dúró. Ojúlé kẹta sí tiwọn ni Kieran ń gbé. Kò níṣẹ́ kan pàtó, síbẹ̀ bàtà tuntun kì í wọ́n lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù fún àlejò ní ìlọ́po-ìlọ́po.

"Ọmọ Ogden," ó ní, ó fẹ̀yìn ti ògiri ṣọ́ọ̀bù ẹja díndín, "ojú ẹ fà ro bíi ti gólì tó jẹ góòlù mẹ́fà. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Fi mí sílẹ̀."

"Gbọ́ ná. Àwọn ará London ń bọ̀ ní Sátidé. Ẹnì kan ń wá àga kan ṣoṣo, ohun tó máa san á gbé ìwọ àti bàbá ẹ dé ọdún Àjíǹde. Inú fóònù ẹ ni tíkẹ́ẹ̀tì yín wà, àbí? Fi tìẹ ránṣẹ́ sí mi, kó o jókòó sílé kó o máa kàwé ẹ."

"Wọ́n ní a ò gbọ́dọ̀ tà á."

"Wọ́n ní. Ta wá ni 'wọ́n'? Ṣé àwọn tó já ẹ̀dínwó gbà lọ́wọ́ arúgbó náà ló tún fẹ́ máa kọ́ ẹ níwà? Má pa mí lẹ́rìn-ín, Tamsin."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára nítorí òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, bó ṣe rántí èéfín ẹnu bàbá àgbà, ó tẹ fóònù, tíkẹ́ẹ̀tì sì lọ. Lọ́jọ́ kejì, Kieran ka owó náà lé e lọ́wọ́. Ní Sátidé, ó sọ fún bàbá náà pé òun ní ìṣirò tí òun fẹ́ kà nítorí ìdánwò àṣekágbá.

"Ìwé ló ṣáájú," ni Wilfred wí. Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ó wo Tamsin lẹ́ẹ̀mejì kó tó jáde.

Tamsin ṣí ìwé sílẹ̀, kò rí nǹkan kan kà. Eré kò tíì parí tí bàbá àgbà fi wọlé. Ètè rẹ̀ ti là, ẹ̀jẹ̀ sì ti gbẹ mọ́ ìborùn rẹ̀.

"Ọkùnrin kan ló wá jókòó sórí àga ẹ," ó ní bó ṣe ń jókòó. "Ọmọlúàbí ni mo pè é. Àfi ìgbà tí àwọn ará London gbá góòlù wọlé tó fò dìde, tó ṣí kóòtù, tí jẹ́sì wọn wà lábẹ́ ẹ̀. Àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn wa bò ó. Èmi ni mo kó sáàárín wọn, ìgbúnwọ́ kan sì bà mí lẹ́nu."

Tamsin rẹ aṣọ sínú omi, ó nà án sí i. "Kí làwọn òṣìṣẹ́ pápá wí?"

"Wọ́n ní ta ló tà á fún un. Mo ní olè ló jí i nínú fóònù ẹ. Mo ní ọmọ tí mo tọ́, mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ká wá rí àwọn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Má fòyà, màá bá wọn sọ ọ́."

Tamsin sáré bá Kieran. Ó fẹ́ dá owó náà padà, Kieran kò gbà á.

"Owó ti jáde, kì í padà sílé," ó ní. "Olè tí bàbá ẹ sọ yẹn, òun náà ni kó o sọ. Tó o bá jẹ́wọ́, wọ́n á gba àga ẹ, wọ́n á sì gba ti bàbá ẹ mọ́ ọn. Tó o bá wá dárúkọ mi, mi ò mọ̀ ẹ́ rí."

Títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Tamsin ń rò ó síwá sẹ́yìn. Bó bá sọ òótọ́, ohun kan ṣoṣo tó kù tí bàbá àgbà fẹ́ràn á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá dákẹ́, arúgbó tí kò purọ́ fún ará ìta rí á lọ dúró níwájú àjèjì, á fi orúkọ rere rẹ̀ bo irọ́ òun.

Yàrá kékeré kan tí kò ní fèrèsé, lábẹ́ ibi tí èrò ń jókòó sí ní pápá, ni wọ́n ti gbà wọ́n. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìyáàfin Haslam, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì, ló jókòó dè wọ́n. Wilfred wọ táì. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí obìnrin náà béèrè ọ̀rọ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Ìyáàfin, ọmọ yìí kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Mo lè fi orúkọ Edna ìyàwó mi tó ti kú búra fún yín pé…"

"Ẹ má búra, Bàbá àgbà."

Bàbá náà yíjú sí i. Tamsin dìde dúró. "Èmi ni mo tà á. Kò sólè kankan. Mo purọ́ pé mo fẹ́ kàwé." Ó kó owó náà jáde, ó gbé e sórí tábìlì.

Ìyáàfin Haslam kì í ṣe èèyàn búburú. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó wo ètè arúgbó náà, ó sì sọ ìdájọ́ wọn. Wọ́n gba àga Tamsin, ẹlòmíì tó wà lórí ìlà ni yóò jókòó síbẹ̀. Tamsin kò gbọ́dọ̀ wọ pápá náà fún ọdún méjì. Wọ́n fi ti Wilfred sílẹ̀ títí sáà yóò fi parí. Bó bá sì fẹ́ ẹ lẹ́yìn ìyẹn, iye tí gbogbo ayé ń san ni yóò san.

Wọ́n rìn títí wọ́n fi dé ibùdókọ̀. Níbẹ̀ ni Wilfred ti dúró.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀yin náà ò sọ fún mi. Ẹ̀ ń wọ kóòtù jẹun nínú ilé, ẹ̀ ń sọ pé ẹ lówó."

Bàbá náà bojú wolẹ̀. Bọ́ọ̀sì kan dé, ó lọ, wọn ò wọ̀ ọ́.

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́," Wilfred ní. "Èmi àgbà ni mo kọ́kọ́ purọ́. Ojú ló ń tì mí. Ṣùgbọ́n ohun tó o ṣe yẹn dùn mí, Tamsin. Ó dùn mí ju ètè yìí lọ."

"Ẹ má bínú, Bàbá àgbà."

"Mo gbọ́."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Wilfred jókòó ti Denise, ó sọ bí nǹkan ṣe rí fún un láìfi bò. Denise sunkún, ó sì bá a wí. Láti ìgbà náà, ilé wọn ni Wilfred ti ń jẹun alẹ́. Àwọn eré tó kù, òun nìkan ló ń lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí kò mọ̀ rí.

Nígbà tí oṣù Karùn-ún dé, tí wọ́n tún fi owó kún owó tíkẹ́ẹ̀tì, Wilfred kò san án, ó fi àga rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá àwọn arúgbó bíi tirẹ̀ káàkiri, àwọn tó ti jọ ń jókòó ní pápá láti ọdún pípẹ́. Ó bá púpọ̀ nínú wọn nínú òtútù ilé, tí olúkúlùkù rò pé òun nìkan ni ìyà ń jẹ. Lọ́jọ́ tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, wọ́n péjọ síta ẹnu ọ̀nà pápá pẹ̀lú aṣọ gbọọrọ tí wọ́n kọ ọ́ sí pé: Ẹ DÁ Ẹ̀DÍNWÓ ÀGBÀ PADÀ. Ìkángun kan wà lọ́wọ́ Wilfred, èkejì wà lọ́wọ́ Tamsin, tí kò lè ré ẹnu ọ̀nà kọjá.

Ọ̀dọ́kùnrin kan dúró. "Bàbá, ẹ̀yin ò níí wọlé ni?"

"Mi ò lówó ẹ̀," Wilfred dáhùn, ohùn rẹ̀ sì ròkè tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo èrò fi gbọ́.

Ọ̀dọ́kùnrin náà wò ó, ó wo aṣọ náà, ó sì bọ́ sí àárín, ó bá wọn gbé e.

Àwọn aláṣẹ kò yí iye náà padà lọ́jọ́ náà, ẹ̀ṣẹ̀ Tamsin kò sì sọ ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn arúgbó di ohun tó dára. Ṣùgbọ́n ó ti yé Tamsin pé bí ìnira bá há èèyàn mọ́, irọ́ kì í ṣe ilẹ̀kùn. Ògiri mìíràn ló ń mọ. Ẹni tó bá la ẹnu sọ ìṣòro rẹ̀ ló ń rí ẹni tí yóò bá a gbé e.