Ọ̀rọ̀ Tó Wà Lẹ́yìn Àwòrán

Ọwọ́ Limakatso ni Tšeliso kọ́kọ́ rí. Pupa fòò ni, láti ọmọ ìka dé ìgúnpá, bó ṣe ń fa òwú jáde nínú ìkòkò aró gbígbóná, tí ooru ń rú bò ó lójú. Òtútù òwúrọ̀ yẹn mú gan-an. Yìnyín funfun wà lórí òkè. Ọmọbìnrin náà gbójú sókè, ó rí àjèjì tó gbá kọ̀ǹpútà mọ́ àyà bí ọmọ tuntun, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Abuti, ṣé ìwọ ni wọ́n ní ó ń bọ̀ wá kọ́lé fún wa sínú afẹ́fẹ́?"

"Èmi ni, ausi. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa gbé inú ẹ̀." Arákùnrin ni ọmọbìnrin náà pè é, òun náà sì pè é ní arábìnrin.

Maseru, olú-ìlú, ni Tšeliso ti wá. Àwọn obìnrin ìlú Teyateyaneng níbí yìí, tí wọ́n ń hun àwòrán sára aṣọ ògiri ló bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀ kó ṣe ìkànnì ayélujára fún iṣẹ́ wọn. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó jókòó tì wọ́n, ó ń ṣàlàyé àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà. Orúkọ ìkànnì ni àdírẹ́sì. Èèyàn á háyà àyè sórí kọ̀ǹpútà ńlá kan, ìyẹn ni ilẹ̀ tí ilé dúró lé. Ojú-ewé àkọ́kọ́ ni yàrá àlejò, líǹkì sì ni ilẹ̀kùn tó gbé èèyàn láti yàrá kan bọ́ sí òmíràn.

"Ṣé èèyàn lè ní àdírẹ́sì kó má nílé?" Limakatso bi í.

"Ọ̀pọ̀ ló wà bẹ́ẹ̀."

"Àbí ẹ ò rí nǹkan! Bí àwọn ọkùnrin Maseru. Wọ́n á fún ẹ ní nọ́ńbà, tó o bá pè é, wọn ò ní gbé e."

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Tšeliso náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ gbóná.

Láti ọjọ́ yẹn, iṣẹ́ tó yẹ kó tètè parí bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Lónìí, àwọ̀ ò bára mu. Lọ́la, lẹ́tà ti kéré jù. Títí 'M'e Mathuso, ìyá àgbà àwọn ahunṣọ, fi bi í pé, "Ọmọ mi, irú ilé wo ni wọ́n ń kùn lójoojúmọ́?"

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òun àti Limakatso jọ ń jẹ papa, òkèlè àgbàdo, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ lẹ́bàá ògiri tí oòrùn ń pa.

"O ní ìkànnì ní iwájú, ó ní ẹ̀yìn. Là á yé mi."

"Iwájú ni ohun tí àlejò ń rí. Àwọ̀, àwòrán, bọ́tìnnì. Ẹ̀yìn nibi tí iṣẹ́ gan-an wà. Kò sẹ́ni tó ń rí i."

"Ìwọ alára ńkọ́? Kí ló wà lẹ́yìn tìẹ?"

Ó tẹjú mọ́ oúnjẹ títí. "Ìwọ ni."

Limakatso bu papa díẹ̀ láti inú àwo tirẹ̀, ó fi sínú ti Tšeliso.

Bó ṣe di pé Tšeliso lọ bá bàbá Limakatso, Ntate Mokhele, pé òun fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Ohun abúgbàù ìwakùsà ti gba ojú méjèèjì lọ́wọ́ Ntate Mokhele, ikú sì ti mú ìyàwó rẹ̀ lọ. Limakatso nìkan ló kù ú kù. Bàbá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó na fóònù rẹ̀ síta, èyí tó máa ń ka ohun tó wà lójú rẹ̀ sókè fún un.

"Wọ́n ní o mọ ilé kọ́. Jẹ́ kí n wọ̀ ọ́ wò."

Tšeliso ṣí ìkànnì náà. Fóònù sọ̀rọ̀: "Àwòrán. Àwòrán. Àwòrán." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ọmọkùnrin," ni bàbá wí, "ògiri lásán ni ilé ẹ lójú tèmi. Ọmọ mi yìí ni mo fi ń ríran. O fẹ́ mú un lọ, bẹ́ẹ̀ o ò tiẹ̀ rántí pé irú mi wà láyé. Máa lọ."

Ó lọ. Iṣẹ́ kan pè é sí Cape Town, ó sì gbé ìtìjú rẹ̀ dání dé etí òkun.

Láti ibẹ̀ ló ti kọ̀wé sí Limakatso lórí fóònù. Kò dárúkọ ìfẹ́. Ó ní àyè kan wà nínú kóòdù tó gbé ìkànnì ró, lẹ́yìn àwòrán kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sí. Ojú kì í rí i, ṣùgbọ́n fóònù á kà á fún ẹni tí kò ríran. "Èmi ni mo fi wọ́n sílẹ̀ lófìfo. Mi ò sì lè kọ ọ́ bíi tìẹ, ìwọ lo mọ iṣẹ́ náà. Máa kọ ọ́ ránṣẹ́, màá máa fi sí i."

Limakatso ń kọ: *Obìnrin kan ru igi sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń kọrin.* Tšeliso á dáhùn pé, "Ó ti wọlé." Kò jù bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin náà á fẹ́ bi í pé, ìwọ ńkọ́, ìgbà wo nìwọ náà máa wọlé? Á pa á mọ́nú. Bó bá ti rí i pé ojú-ewé náà yí padà, á mọ̀ pé ọwọ́ Tšeliso ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀. Á fi ìka kan ojú fóònù, bí ẹni fọwọ́ kan àga tí ẹni ọ̀wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀, tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Òtútù lọ, igi eléso píìsì tanná, Tšeliso kò wá.

Lọ́jọ́ Sunday kan, bàbá fi kúbùsù bora níta, ó ń tẹ́tí sí fóònù. Ó gbọ́ ti obìnrin arugi. Ó gbọ́ ti màlúù tó ń sọdá odò. Ó mú un padà sẹ́yìn, ó tún gbọ́.

"Limakatso! Ṣé iṣẹ́ ọwọ́ ẹ rèé látọjọ́ yìí?"

"Òun ni, Ntate."

Omi lé ròrò sójú tí kò ríran. Ó ń bá a lọ títí fóònù fi ní, "Àwòrán," tó sì dákẹ́.

"Èyí ò sọ̀rọ̀. Kí ló wà ńbẹ̀?"

"Ẹni tó ṣe ìkànnì náà ni."

"Kí ló dé tó ò kọ nǹkan kan sí i?"

"Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ kọ."

"Sọ ọ́ fún mi lẹ́nu, ó yá."

"Ó ga. Kò sanra. Eyín ẹ̀ ní àlàfo níwájú. Tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, á kọ́kọ́ wolẹ̀ ná, bí ẹni ń tọrọ àyè..."

"Ṣé ó ń rẹ́rìn-ín nínú àwòrán ọ̀hún ni?"

"Rárá, Ntate. Kò rẹ́rìn-ín níbẹ̀."

Bàbá gbé fóònù lé orókún. "Pè é. Kó kó àwọn àgbà ilé ẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ gbé jìnnà sí mi o."

Tšeliso kó iṣẹ́ rẹ̀ padà wá sí Teyateyaneng, nítorí iṣẹ́ tirẹ̀ kò ní kí èèyàn má gbé lẹ́bàá òkè. Lọ́jọ́ tí àwọn àgbà ìhà méjèèjì fẹnu kò lórí màlúù ìdána, tí wọ́n pa àgùntàn, Ntate Mokhele fọwọ́ pa àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Jókòó tì mí, ọmọ mi. Limakatso wà lọ́ọ̀ọ́kán ibẹ̀ yẹn, mo ń gbọ́ òórùn ẹ̀. Báwo lojú ẹ̀ ṣe rí?"

Tšeliso wo Limakatso, Limakatso wò ó.

"Ó ń sunkún, Ntate. Ó tún ń rẹ́rìn-ín."

"Ìyá ẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìdána tiwa," ni bàbá wí, ó sì di ọwọ́ àna rẹ̀ mú.