Bọ́tìnì Tó Pa Ọkọ̀ Bàbá Àgbà Lẹ́nu Mọ́

“Ẹ yàgò o! Ẹ̀fọn Bàbá Onítófù ti ń bọ̀! Wíínnn! Wíínnn!”

Manami ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó ní kíláàsì. Òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin nínú aṣọ ilé ìwé, wọ́n fọwọ́ di etí, wọ́n ń fi imú kùn bí ẹ̀fọn. Èmi jókòó ti Bàbá àgbà nínú ọkọ̀ kékeré rẹ̀ tí ń lo iná mànàmáná, mo wolẹ̀, ojú ń tì mí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

“Kí ni wọ́n ń sọ, Chizuru?” Bàbá àgbà bi mí.

“Wọ́n ń kí yín ni, Bàbá àgbà.”

“Ọmọ dáadáa ni wọ́n.” Ó sì juwọ́ sí wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá báyìí, èmi náà sì ti di ìyá ọmọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá dijú, mo ṣì ń gbọ́ àdúgbò wa létí òkun Seto. Mo ń gbọ́ bàtà onígi Alàgbà Hirobe, kó, kó, kó, lórí àtẹ̀gùn òkúta tẹ́ńpìlì. Mo ń gbọ́ ìyá mi tó ń fi pàṣán lu ibùsùn tó sá sóòrùn lójú fèrèsé. Àdúgbò wa, ọmọ orí òkè tí ń wo òkun, ọmọ asáẹja-sóòrùn-má-bẹ̀rù-ológìnní! Kò sí ẹni tó mọ̀ pé ohun tó ń dún létí òun lónìí lè di ohun tí òun yóò máa wá kiri lọ́la.

Tófù ni ìdílé wa ń ṣe, wàrà ẹ̀wà sóyà, láti ayé ìyá Bàbá àgbà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, orí kẹ̀kẹ́ ni Bàbá àgbà ti ń kiri rẹ̀, pẹ̀lú fèrè bàbà lẹ́nu. Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru ní fèrè náà ń jí àwọn, ó sì gbé e jù sẹ́yìn láìjiyàn. Báyìí la ti ń gbé níbẹ̀: kí ènìyàn má di ìnira aládùúgbò, ìyẹn ju òfin lọ. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ kò gba kẹ̀kẹ́ mọ́, ó ra ọkọ̀ yìí.

Ọkọ̀ náà a máa rìn bí ológìnní lórí ẹní. Nítorí náà ni àwọn tó ṣe é fi ohùn tín-ín-rín kan sínú rẹ̀, tí yóò máa dún bí ó bá ń rọra lọ, kí ẹlẹ́sẹ̀ lè mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀. Bàbá àgbà kì í gbọ́ ohùn ọ̀hún rárá. Etí rẹ̀ ti dàgbà kọjá rẹ̀. Bọ́tìnì kan sì wà nítòsí ọwọ́ ìtọ́kọ̀. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, iná kékeré kan yóò tàn, ohùn náà yóò sì dákẹ́ títí a ó fi tún ṣíná ọkọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí Manami bẹ̀rẹ̀ yẹ̀yẹ́ rẹ̀, mo rí ìwé kan nínú àpótí lẹ́tà wa. Kò ní orúkọ. Ó ní: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Ohùn ọkọ̀ yín ń jí ọmọ ọwọ́ lójú oorun. A dúpẹ́ púpọ̀púpọ̀.”

Mi ò fi han Bàbá àgbà. Mo ti rí aṣọ tí màá fi bo ìtìjú mi. Mo sọ fún ara mi pé nítorí ọmọ ọwọ́ ni, mo sì tẹ bọ́tìnì náà. Nígbà tí a kọjá níwájú àwọn Manami láìdún, ojú wọn ń wá ohun tí wọn yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọn kò rí i. Inú mi dùn. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti ṣíná ọkọ̀ báyìí, ìka mi á yọ́ lọ síbẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá ń yọ́lẹ̀ dà, ohun búburú a máa yọ́ni ṣe. Mo mọ òwe náà dáadáa. Mi ò rò pé èmi ló ń bá wí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́bọ̀ kan ni, nínú oṣù kẹwàá, nígbà tí èso kákì pọ́n lórí igi gbogbo. Bàbá àgbà ń rọra wa ọkọ̀ yọ jáde, èmi jókòó tì í, láti inú ọ̀nà tóóró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tẹ́ńpìlì. Màmá Setsu ń bọ̀ láti òdìkejì ògiri.

Màmá Setsu kò ríran láti kékeré. Iṣẹ́ ìwọ́ra ló ń ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣan bí apẹja ti mọ ìṣàn omi. Àwọn tó gbé ẹ̀yìn ríro wọlé rẹ̀ a máa fò jáde. Ní oríta yẹn, àwa tó ríran a máa wo dígí rìbìtì tó wà lórí òpó ká tó kọjá. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí; etí ni Màmá Setsu fi ń ṣọ́ tirẹ̀. Ó dúró. Ó tẹ́tí. Kò gbọ́ nǹkan kan, ó sì gbẹ́sẹ̀.

Bàbá àgbà tẹ bíréèkì, ṣùgbọ́n iwájú ọkọ̀ ti kàn án. Màmá Setsu ṣubú lé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Mo gbọ́ bí ó ṣe kán.

“Kí lèyí?” ni Màmá Setsu ń wí nílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Kí ló gbá mi? Mi ò gbọ́ nǹkan kan!”

Lẹ́yìn tí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, ọlọ́pàá kan wo inú ọkọ̀ wa. “Bàbá, ṣé ohùn ọkọ̀ yín ń dún?”

“Fúnra rẹ̀ ló máa ń dún.”

Ọlọ́pàá nàka sí iná kékeré náà. “Ẹnì kan ti pa á, sà.”

Bàbá àgbà wo iná náà. Ó wò mí. Mo rí i gan-an nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yé e. Ó yíjú padà sí ọlọ́pàá, ó ní: “Èmi ni. Ẹ mọ ọwọ́ àgbàlagbà, ó máa ń ṣi nǹkan tẹ̀.”

Bàbá àgbà mi, tí kò fi tófù àná pe tòní rí láyé rẹ̀! Èmi sì dákẹ́, bí ọkọ̀ náà ti dákẹ́.

Odindi ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò fi bi mí ní nǹkan kan. Ìbá bú mi, ìbá sàn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹwàá, àdúgbò ṣèpàdé. Gbogbo wa tò bàtà sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, a jókòó lórí ẹní. Màmá Setsu wà níwájú, símẹ́ńtì tí wọ́n fi de egungun tó ṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí dé ìgúnpá. Alàgbà Hirobe, alága wa, di ìwé kan mú tó ti kọ ṣáájú ìjàǹbá náà, láti fi bẹ àwọn tó ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ pé kí wọ́n máa pa á lẹ́nu mọ́ ní ojú ọ̀nà wa tóóró.

“Ọkọ̀ tí kò pariwo ni mo rà,” ni Nagaoka onígbàjámọ̀ wí. “Kí awakọ̀ ṣáà la ojú ẹ̀!”

“Ojú ẹ mélòó ló ń rí ẹ̀yìn ògiri?” ni ìyá ẹlẹ́ja dá a lóhùn. “O ò rí irun tó kù sí etí oníbàárà ẹ, ẹ̀yìn ògiri lo fẹ́ rí!”

Ẹ̀rín sọ. Lẹ́yìn náà ni Bàbá àgbà fi orúnkún rìn síwájú, ó sì fi iwájú orí kan ẹní.

“Ẹ̀bi mi ni,” ó ní. “Èmi ni mo tẹ bọ́tìnì náà.”

Ẹnì kan sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn mi pé, “Ogbó ti dé sí baba yìí. Ó yẹ kí wọ́n ti gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ tipẹ́.”

Ọkàn mi gbiná. Mo ní, Ẹlẹ́dàá mi, fún mi lẹ́nu.

“Irọ́ ni!” Mo ti dìde kí n tó mọ̀. “Bàbá àgbà ò tẹ nǹkan kan. Èmi ni mo máa ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́. Wọn ò mọ̀, torí etí wọn ò gbọ́ ohùn yẹn.”

Màmá Setsu yíjú sí ibi tí ohùn mi ti wá.

“Ọmọ yìí, súnmọ́ mi,” ni Màmá Setsu wí. “Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?”

“Mẹ́rìndínlógún, mà.”

“Etí rẹ pé méjì?”

“Ó pé, mà.”

“Kí ló wá dé?”

“Wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín, mà.”

“Ẹ̀rín!” Ó gbé símẹ́ńtì náà sókè. “Ẹ̀rín wo ló ṣẹ́ egungun rí? Ọwọ́ yìí loko mi, òun lọkọ mi, òun lọmọ mi. Dókítà ní òun ò lè sọ bóyá yóò tún lè tú iṣan mọ́. O gbọ́?”

Mo gbọ́. Mo fi iwájú orí kan ẹní. Lápá òsì, Manami ń wo orúnkún ara rẹ̀.

Ìyá Ozaki, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, sọ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, “Èmi ni mo kọ ìwé sí wọn. Torí ọmọ-ọmọ mi ni.”

Màmá Setsu mí kanlẹ̀. “Ẹ gbọ́, mi ò ní kí ẹ máa pariwo bí ọjà ẹja. Ohùn kékeré náà ti tó. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ilé onílé, ṣé kì í kágò ni? Ojú ọ̀nà nilé àwa tí à ń fẹsẹ̀ rìn. Kí ọkọ̀ kágò fún wa! Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ dára, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ fi egungun mi rà, tèmi lẹ jí.”

Alàgbà Hirobe ká ìwé rẹ̀ sí mẹ́rin, ó tì í bọ àpò. “Ẹni tó bá gbà kí ọkọ̀ máa kágò, kó nawọ́.”

Ọwọ́ gbogbo lọ sókè. Nagaoka ló nawọ́ kẹ́yìn. “Ó dáa, ó dáa. Kó máa kágò. Ṣùgbọ́n kó má kọrin o!”

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá àgbà wọ kóòtù rẹ̀, ó ní òun ń lọ dá ìwé ìwakọ̀ padà fún ọlọ́pàá. Mo bú sẹ́kún. “Ṣebí mo ti jẹ́wọ́, Bàbá àgbà!”

“O jẹ́wọ́, ọmọ mi. Òtítọ́ rẹ gba orúkọ mi là, kò gba etí mi là. Bí ọkọ̀ mi bá yadi tí mi ò mọ̀, ta ló tún kù tí mi ò gbọ́?” Ó tẹ́wọ́ sí mi. “Jẹ́ ká jọ lọ.”

Báyìí ni ìdílé wa ṣe fi kíkiri tófù sílẹ̀. Àwọn tó bá fẹ́ ń wá sí ṣọ́ọ̀bù, àwọn arúgbó tí kò lè gun òkè kò sì rí i jẹ mọ́. Èmi ni mo fà á.

Lójoojúmọ́, bí mo bá ti ilé ìwé dé, mo ń lọ ṣe ọwọ́ ọ̀tún fún Màmá Setsu. Mo ń ya irun rẹ̀, mo ń gé ẹ̀fọ́ rẹ̀. Kò kẹ́ mi rárá. “Ta ló kọ́ ẹ ní ọbẹ̀ sísè, ológìnní?” Lọ́jọ́ kejì, Manami tẹ̀ lé mi wá, ó gbálẹ̀ láìsọ̀rọ̀.

Ọ̀sẹ̀ méje kọjá kí wọ́n tó tú símẹ́ńtì náà. Ọwọ́ náà ti rù, àwọ̀ rẹ̀ ti hunjọ. Kò pe oníbàárà kankan. Ó ní kí n jókòó síwájú òun, ó sì gbé e lé èjìká mi. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ń wá kiri, ó ń wá kiri, títí ó fi bá kókó kan tó ti di pa.

“Ibí ni,” ó ní. “Ọmọdé ò gbọdọ̀ gbé ẹrù tó tó èyí. Mí kanlẹ̀.”

Ọwọ́ náà kò padà ní agbára tó ní tẹ́lẹ̀ mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́. Kí Ọlọ́run tẹ́ Màmá Setsu sí afẹ́fẹ́ rere.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ̀rín ẹlẹgbẹ́ kì í pẹ́ tán nílẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí a bá ṣe torí rẹ̀ lè má tán láéláé. Ẹ má ṣe mú ohun tó ń dáàbò bo ẹlòmíràn kúrò kí ojú má baà tì yín. Bí ẹ bá sì ti ṣàṣìṣe, ẹ má jẹ́ kí àgbàlagbà forí kanlẹ̀ nítorí yín. Ẹ dìde, kí ẹ sọ ọ́. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká fi ìdákẹ́ wa pa ẹnikẹ́ni lára. Àmín.