Kílò Tó Dín Lára Affissou

Mèsíyè Barthélemy, olùkọ́ físíìkì, so òkúta kan mọ́ òṣùwọ̀n onísípíríǹgì, ó gbé e sókè kí gbogbo kíláàsì lè rí i. Abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n náà sọ̀ kalẹ̀, ó dúró lórí kílò méjì. Ó bi àwọn ọmọ ilé-ìwé pé kí ló ń fa òkúta náà sísàlẹ̀.

"Ilẹ̀ ni," òun fúnra rẹ̀ ló dáhùn. "Ilẹ̀ ayé ń fa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀. Fífà yẹn là ń pè ní ìwúwo."

Ó mú ẹfun, ó kọ nọ́ńbà sójú pátákó. Ẹni tí òṣùwọ̀n yìí bá fi ọgọ́ta kílò hàn fún ní Bantè, bí wọ́n bá gbé òun àti òṣùwọ̀n lọ sórí òṣùpá, kílò mẹ́wàá péré ni yóò fi hàn, nítorí òṣùpá kéré, kò lágbára láti fa nǹkan bíi ti ayé. Lórí pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì, yóò tó kílò mẹ́tàlélógún. Lórí Júpítà, tó tóbi ju gbogbo wọn lọ, yóò lé ní àádọ́jọ, àmọ́ kò ní ilẹ̀ tí èèyàn lè dúró lé.

Imorou tó jókòó lẹ́yìn ní kí Chitou má dé Júpítà o, wọn ò ní rí bẹ́ǹṣì tó máa gbà á. Chitou sanra, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dáhùn pé òṣùpá lòun ń lọ ní tòun, kí ìyá òun lè yéé ka òkèlè mọ́ òun lọ́wọ́. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ náà jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán.

Sétou kò rẹ́rìn-ín. Ó ń kọ̀wé. Ọdún 1986 nìyẹn, ó sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀kejì tó máa jókòó sí kíláàsì náà. Ó ti fìdí rẹmi lọ́dún tó kọjá nínú BEPC, ìdánwò tí wọ́n fi ń parí ìpele kìíní ilé-ìwé girama. Boukari, bàbá rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó ní Nàìjíríà, ti ránṣẹ́ sílé pé bí ọmọ náà bá tún fìdí rẹmi, kí ó padà sí Agoua, abúlé wọn, kí ó máa bá ìyá rẹ̀ kọ ebè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀.

Sétou na ọwọ́. Ó béèrè bóyá ìwúwo nǹkan jẹ́ ọ̀kan náà níbi gbogbo láyé níbí.

"Rárá," ni Mèsíyè Barthélemy wí. "Lórí òkè gíga, ó máa ń dín díẹ̀. Ṣùgbọ́n díẹ̀ náà kéré débi pé òṣùwọ̀n ọjà kò lè rí i. Láti Savalou dé Bantè, láti Bantè dé Agoua, ẹ má retí pé ohunkóhun yóò yí padà. Ẹ tún kọ èyí sílẹ̀. Bí ẹ bá gbé òkúta yìí dé òṣùpá, òkúta náà ṣì pé. Fífà ló dín. Òkúta kò dín."

Sétou kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó fàlà sí i nídìí.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìdánwò, Memounatou, ìyá rẹ̀, wọ ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó iṣu láti Agoua wá sí Bantè. Ilé Alimatou, àbúrò bàbá Sétou, ni ọmọ náà ń gbé, ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ sì wá bá a. Affissou, àbúrò Sétou, wà lẹ́yìn rẹ̀. Oṣù mọ́kànlá ni Affissou.

Ìgbẹ́ gbuuru ti ń ṣe ọmọ náà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ojú rẹ̀ ti jìn. Nígbà tí Sétou gbà á, kò sunkún, kò rẹ́rìn-ín, ó kàn ń wo ibì kan.

Memounatou sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ní oṣù tó kọjá, nígbà tó gbé e wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Bantè, wọ́n wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ kílò méje. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí, Élisée, nọ́ọ̀sì Agoua, gbé e sínú ṣòkòtò aṣọ tí wọ́n fi ń so ọmọ kọ́ òṣùwọ̀n lábẹ́ igi máńgòrò. Kílò márùn-ún àti ààbọ̀. Élisée sọ ọ́ kalẹ̀, ó tún un so. Iye kan náà ni. Ó ní kí ó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn Savalou, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ó kọ ìwé lé e lọ́wọ́. Memounatou tú etí aṣọ rẹ̀, ó mú ìwé náà jáde.

Kò gbọ́ Faransé. Kò gbọ́ èdè Mahi tí wọ́n ń sọ ní Savalou. Èdè Isha nìkan ló gbọ́.

"Ọ̀la ni mo fẹ́ ká lọ," ó ní. "Ìwọ lo máa bá mi sọ̀rọ̀ níbẹ̀."

Sétou gba ìwé náà, ó kà á. Ó mọ bó ṣe máa ń rí. Bí wọ́n bá dá ọmọ dúró sí ilé ìwòsàn, ará ilé náà ló máa dúró tì í, tí yóò máa se oúnjẹ, tí yóò máa fọ aṣọ, tí yóò máa gbọ́ ohun tí dókítà wí. Ó lè tó ọjọ́ mẹ́wàá. Ọjọ́ Ajé ni ìdánwò. Ó wo ebè lọ́kàn rẹ̀, ọdọọdún, láìlópin.

Ó lè sọ pé ìdánwò ń ba òun lẹ́rù. Ìyá rẹ̀ ì bá wá ẹlòmíràn. Seidou, ọkọ Alimatou, gbọ́ Mahi dáadáa, ó sì ní alùpùpù. Ṣùgbọ́n Alimatou àti Seidou wà lọ́jà, Sétou kò sì dárúkọ wọn.

"Ìyá, òṣùwọ̀n Bantè ló sọ méje, òṣùwọ̀n Agoua ló sọ márùn-ún àti ààbọ̀, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó lọ mú ìwé rẹ̀ wá. Ó ṣí i síbi tó ya òṣùpá àti Júpítà sí.

"Ìwúwo èèyàn kì í ṣe ọ̀kan náà níbi gbogbo. Ẹ wò ó. Bí a bá gbé Affissou dé òṣùpá, kílò kan lé díẹ̀ ni òṣùwọ̀n máa sọ, bẹ́ẹ̀ ohunkóhun ò ṣe é. Ẹ̀bá òkè ni Agoua wà. Ibi tó bá ga, ìwúwo máa ń dín níbẹ̀."

Memounatou wo àwòrán náà. Ó fi ìka kan nọ́ńbà tó wà lábẹ́ òṣùpá.

"Ṣé pé kò rù?"

"Ó rù díẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru náà ni. Ẹ máa fún un ní omi tí ẹ po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́. Bí mo bá parí ìdánwò lọ́jọ́rú, a ó jọ lọ."

Ìyá rẹ̀ ní nígbà tí òun pọ̀n ọ́n láàárọ̀, ó dà bíi pé ó fúyẹ́ lẹ́yìn òun. Sétou pa ìwé dé.

"Ó dára," ni Memounatou wí. "Ìwọ lo kàwé."

Ó ká ìwé Élisée padà sí etí aṣọ rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ iṣu ń padà lọ́sàn-án, ó bá a lọ. Nígbà tí Alimatou dé láti ọjà, ó béèrè ohun tí ìyá Sétou wá ṣe. Sétou ní ó wá kí òun kú ìmúra ìdánwò ni.

Ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n kó àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ sí Savalou, níbi tí wọ́n ti máa ṣe ìdánwò. Nínú yàrá ìdánwò, àga Sétou wà lẹ́bàá fèrèsé. Láti ibẹ̀, ó ń rí òrùlé ilé ìwòsàn, ó sì ń rí àwọn obìnrin tó pọ̀n ọmọ lọ síbẹ̀. Kò jìn. Ẹni tó bá rìn kíá lè débẹ̀ kí ó tó kà dé ọ̀ọ́dúnrún.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n béèrè nínú ìdánwò físíìkì pé bí wọ́n bá gbé nǹkan kan láti ayé lọ sórí òṣùpá, kí ló yí padà, kí ni kò yí padà? Sétou mọ̀ ọ́n. Ó kọ ọ́ ní Faransé pé ìwúwo ló yí padà, pé iye ohun tó wà lára rẹ̀ kò yí padà níbikíbi. Ó dá bíìkì ìkọ̀wé rẹ̀ dúró. Ó wo òrùlé náà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ sí ìbéèrè tó kàn.

Wọ́n padà dé Bantè ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Seidou jókòó síwájú ilé, ó ń dúró dè é. Ó ní kí ó kọ́kọ́ sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀. Ó wá sọ fún un pé Affissou kú láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n sì ti sin ín lọ́jọ́ náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi alùpùpù gbé e lọ sí Agoua. Pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ kún ọ̀nà náà.

Àwọn obìnrin jókòó yí Memounatou ká lábẹ́ òrùlé. Sétou kúnlẹ̀ kí i. Ìyá rẹ̀ fà á mọ́ra, ó bi í bóyá ìdánwò lọ dáadáa.

Élisée dé lẹ́yìn wọn. Ó kí wọn kú ìrọ́jú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Memounatou. Ohùn rẹ̀ kò le.

"Ìyá Sétou, mo ní kẹ́ ẹ lọ sí Savalou. Kí ló dá yín dúró?"

"Òṣùwọ̀n yín kò bá ti Bantè mu," ni Memounatou dáhùn. "Sétou ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Ó wà nínú ìwé. Ibi tó ga, ìwúwo máa ń dín níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan jẹ̀bi, èmi ni. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n, tí mo mọ̀ pé ó fúyẹ́."

Élisée gbé ojú wo Sétou. Nọ́ọ̀sì náà ti lọ sílé ìwé, ó mọ ohun tó wà nínú ìwé. Obìnrin kan ní Ọlọ́run ló fún wọn, Ọlọ́run ló gbà á. Àwọn yòókù ṣe àmín. Ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ parí síbẹ̀. Bí Sétou bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa tún béèrè.

"Ìyá," ó ní, "ìwé kò sọ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n yíjú sí i.

"Ìwé ní láti Bantè dé Agoua, kò sí ohun tó yí padà. Bí òṣùwọ̀n bá sọ márùn-ún àti ààbọ̀, ara ọmọ ló dín. Mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà. Mo kà á dé ìdajì fún yín, mo pa ìwé dé. Ìdánwò mi ni mò ń rò."

Memounatou wò ó pẹ́.

"O mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

Ìyá rẹ̀ mú ọwọ́ kúrò ní èjìká rẹ̀, ó yíjú sí ògiri. Lọ́jọ́ náà kò bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì kò bá a sọ̀rọ̀. Sétou ń pọn omi, ó ń gbálẹ̀, ó ń gún iyán. Wọ́n ń jẹun láti inú àwo kan náà, wọn kò wo ara wọn lójú.

Èsì ìdánwò jáde nígbà tí òjò ti pọ̀. Sétou yege. Físíìkì ni máàkì rẹ̀ tó ga jù. Ó mú ìwé èsì náà lọ sí oko bá ìyá rẹ̀, ó ní bí ìyá òun bá fẹ́ kí òun dúró síhìn-ín, òun máa dúró. Memounatou nu ọwọ́ sí aṣọ, ó gba ìwé náà, ó wò ó bí ẹni tó lè kà á, ó dá a padà.

"Padà sílé ìwé," ó ní. "Ṣùgbọ́n bí ẹni tí kò lè kàwé bá tún bi ọ́ ní nǹkan, kà á dé òpin fún un."

Ó gbé ọkọ́ rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kàwé, ẹni tí kò lọ sílé ìwé máa gbà yín gbọ́. Kò ní ohun mìíràn tó máa fi yẹ ọ̀rọ̀ yín wò. Bí ẹ bá mọ òtítọ́, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún un, pàápàá bí gbogbo rẹ̀ kò bá ṣe yín láǹfààní. Sétou sọ tirẹ̀ nígbà tó ti pẹ́ fún Affissou. Ìyá rẹ̀ dárí jì í nígbà tó yá, ṣùgbọ́n kò tún bi í ní ohun tó wà nínú ìwé mọ́ láyé rẹ̀.