Irin Ìdìmú fún Bàbá

Tíṣà gbé páìpù kan tó gùn tó apá rẹ̀ sórí káńtà, ó ní òun fẹ́ ra gíráńdà tí òun yóò fi gé irú rẹ̀ mẹ́rin nílé. Ó ti fi òwú di ẹnu páìpù náà kí ó má baà ha ẹnikẹ́ni lára nínú ọkọ̀. Òwú yìí ni ọkùnrin tó ń ta irinṣẹ́ kọ́kọ́ rí, kó tó wá rí ṣọ́ọ̀kì tó há sẹ́yìn etí Tíṣà. Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ó gbé e mì.

"Ta ló fẹ́ lò ó?"

"Èmi ni. Àbí irin mọ obìnrin yàtọ̀?"

Ńlá ni Tíṣà nawọ́ sí. Ọkùnrin náà ní kí ó dì í mú ná, kò sì pẹ́ tí apá rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Ó wá gbé kékeré fún un. Ó ṣàlàyé pé díìsì, àwo roboto tó ń yí lẹ́nu ẹ̀rọ náà, fẹ́lẹ́ ni ti gígé, wọn kì í fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dán irin. Èyí tí wọ́n to pépà oníyanrìn léra wọn sí lára ni ti dídán. Díìsì tí Tíṣà fúnra rẹ̀ mú lórí pẹpẹ, ọjọ́ ìlò tí wọ́n kọ sára òrùka àárín rẹ̀ ti kọjá. Ọkùnrin náà ṣẹ́ ẹ sí méjì, ó sọ ọ́ nù.

"Ẹ ba ọjà ara yín jẹ́."

"Ojú yín wọ́n jù ú lọ."

Ọ̀rọ̀ ojú yìí bá Tíṣà níbi tó ń dùn ún. Ajórinmọ́rin ni bàbá rẹ̀ nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀, kí díìsì tó fọ́ tó sì mú ojú ọ̀tún rẹ̀ lọ. Ti òsì náà ti ń ṣú báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá sì ti ṣi ẹsẹ̀ gbé lórí àtẹ̀gùn ilé lóṣù yìí. Irin tí yóò máa dì mú ni Tíṣà fẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n bàbá ti búra: gíráńdà kò ní wọ ilé òun, àna tó ń fọwọ́ kan irin kò sì ní wọ̀ ọ́. Kí Tíṣà tó mọ̀, ó ti ro gbogbo rẹ̀ fún ọkùnrin náà.

Tíṣà sanwó ẹ̀rọ kékeré náà, ṣùgbọ́n ó fi í sílẹ̀ sí ìsọ̀ ọkùnrin náà nítorí ìbúra bàbá. Ó padà wá ra awò ojú, ó tún padà wá ra díìsì. Ìgbà kẹta, nọ́ọ̀tì kan tí kò nílò ló wá rà.

"Adúmáradán, kí lẹ fẹ́ fi dè?"

"Ẹ ṣáà tà á fún mi."

Nígbà tí ìfẹ́ wọn dàgbà, ọkùnrin náà lọ rí bàbá láti tọrọ Tíṣà. Kò fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́: ó ń ta irinṣẹ́, ó sì ń jó irin. Bàbá ní kí ó máa lọ, ó sì lọ láìjiyàn. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì, ó gbé gíráńdà kékeré náà, tí wáyà rẹ̀ wà ní kíká, lé bàbá lọ́wọ́.

Ọwọ́ bàbá ló ṣe iṣẹ́ ojú. Ó fọwọ́ pa ìbòrí irin tó yí díìsì ká, ó di ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. Ó tẹ bọ́tìnnì ìtanná, ó jọ̀wọ́ rẹ̀: bọ́tìnnì náà fò padà fúnra rẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́. 

"Ìbòrí yìí, mo yọ tèmi ni," ni bàbá sọ. "Mo fẹ́ fi díìsì tó tóbi jù sí i kí iṣẹ́ lè yá. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ẹ̀rọ ni mo ń bú láti ọjọ́ náà."

Tíṣà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ṣe irin ìdìmú náà lẹ́yìnkùlé. Tíṣà gé páìpù, ọkùnrin náà jó o pọ̀, bàbá jókòó lókèèrè, ó ń fi etí bójú tó wọn. "Má tẹ̀ ẹ́. Ṣé o kò gbọ́ bó ṣe ń ké ni? Jẹ́ kó gé fúnra rẹ̀."

Nígbà tí wọ́n dè é mọ́ ògiri ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn tán, bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ tọ irin náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó dúró níbi ìsopọ̀ kan tí kò tíì dán. "Níbí." Tíṣà tún un dán. Bàbá gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, òun nìkan, kò sì ṣi ẹsẹ̀ gbé rárá.

"Ta ló dán ibi ìsopọ̀ yìí?"

"Àwa méjèèjì ni, Bàbá," ni ọkùnrin náà dáhùn.

Bàbá kò tíì gbọ́wọ́ kúrò lára irin náà. Ó kọjú sí ibi tí ohùn ọkùnrin náà ti wá.

"Sọ fún àwọn òbí rẹ pé mo wà nílé lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀."