Ìdíje Tí Alvester Kò Rántí

"Bàbá àgbà, ẹ sọ ti ìdíje àṣekágbá yẹn fún mi."

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé ni Tavon àti bàbá àgbà rẹ̀ jókòó sí, tí wọ́n ń jẹ ẹ̀pà sísè. Ní àná, níbi ìgbáradì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, irú èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, ẹnìkan fi akoto tó dé sórí kọlu Tavon lórí. Láti ìgbà náà ni orí ti ń fọ́ ọ, tí ìmọ́lẹ̀ ń gún un lójú. Lọ́la ni àwọn aṣojú yunifásítì ń bọ̀ wá wò ó bóyá wọ́n á mú un sínú ẹgbẹ́ wọn. Rodell, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti kìlọ̀ fún un: "Bí o bá lanu pẹ́nrẹ́n, wọ́n á yọ ẹ́. Àbí ojo ni ẹ́?"

Alvester Pettway, bàbá àgbà náà, rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi gbá bọ́ọ̀lù jẹun ní Chicago. Ó sọ ti pápá ẹ̀yìn ilé ìlagi, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ lásán sáré nínú ìyẹ̀fun igi. Ó sọ ti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ lórí rédíò, tó sáré bọ́ síta pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́.

"Àṣekágbá ńkọ́? Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì lẹ gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà."

Bàbá ju èèpo ẹ̀pà sílẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Inú fọ́tò lèmi náà ti rí i. Orí mi ti fara gbá lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, mo wá parọ́ fún dókítà pé kò sí nǹkan. Tavon, mi ò rántí ọjọ́ yẹn rárá. Ìyá mi wọkọ̀ láti ibí wá, ó dé fìlà tuntun, ó dì mọ́ mi ní pápá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó wá wò mí níbi tí mo ti ń gbá bọ́ọ̀lù nìyẹn kó tó kú. Mi ò rántí ojú ẹ̀ lọ́jọ́ náà."

Tavon ti abọ́ ẹ̀pà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bàbá àgbà, orí ń fọ́ mi láti àná."

Bàbá kò bá a wí. Ó dìde. "Bọ́ sínú mọ́tò. Ilé kóòṣì yín là ń lọ, wàá sọ fún un."

Lọ́jọ́ kejì, Tavon jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Wọ́n na ẹgbẹ́ wọn mọ́lẹ̀, àwọn aṣojú sì lọ láì béèrè rẹ̀. Rodell kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ó dun Tavon dé egungun.

Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ yá. Nígbà tí dókítà gbà á láyè, ó gbá ìdíje tó kẹ́yìn sáà náà. Ó ti wá mọ̀ pé ẹni tó bá fi ìrora pamọ́ nítorí ìyìn lè pàdánù ohun tí ìyìn kò lè rà padà. Bó ti gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà, ó gbọ́ ohùn Alvester láàárín ariwo gbogbo èrò: "Ọmọ mi nìyẹn!"

Títí dòní ló ń gbọ́ ọ.