Obìnrin Onítéépù àti Ògiri Pápá Wa

Ẹ kọ́kọ́ bá mi dúpẹ́ ná, kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó dojú kọ pápá tí àwọn ọmọ àdúgbò ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fọ́ gíláàsì mi lóṣù kan. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta bọ́ sórí aṣọ ìyàwó tí mò ń rán lọ́wọ́. Mo figbe ta!

Mo pe àbúrò mi, bíríkìlà tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ọ̀gá Lébẹ̀lì, torí pé kì í sọ̀rọ̀ méjì kó má dárúkọ lébẹ̀lì rẹ̀, irinṣẹ́ tó fi ń wò ó bóyá iṣẹ́ tẹ́jú.

Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ògiri kékeré tó ga dé ìgbáròkó tó yí pápá yẹn ká, màá to búlọ́ọ̀kù lé e títí bọ́ọ̀lù ò fi ní mọ ọ̀nà ilé yín mọ́."

Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ògiri ti ga ju èèyàn méjì lọ. Ó tiẹ̀ mọ ọ́n yí tiransifọ́mà igun pápá ká, ó ní kò dùn ún wò. Ọmọ mi obìnrin àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ gbé bẹ́ǹṣì sídìí ògiri, wọ́n ń gbádùn ibòòji.

Lọ́jọ́ karùn-ún, obìnrin kan dé láti ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ilé kíkọ́. Ó fa téépù yọ, ó wọn ògiri, ó mirí.

"Ìwé àṣẹ yín dà?"

"Ìwé kí ni? Ṣé ilé la kọ́ ni?" Àbúrò mi ló dáhùn.

"Ẹ má bínú, sà. Orí ìpìlẹ̀ ògiri kékeré lẹ gbé gbogbo èyí lé. Tí atẹ́gùn líle bá dé, ibo ló máa gbà kọjá? Òfin àdúgbò yìí ni pé níbi eré ìdárayá, kí búlọ́ọ̀kù má ga ju ìgbáròkó lọ, kí wáyà onínẹ́ẹ̀tì gòkè láti ibẹ̀. Wáyà á dá bọ́ọ̀lù dúró, atẹ́gùn á sì kọjá. Tiransifọ́mà yẹn ńkọ́? Tó bá gbiná, ṣé ògiri làwọn òṣìṣẹ́ iná máa fò ni?"

Mo bú u o, kí Ọlọ́run forí jì mí. Mo ní aláṣejù ni. Ó ní ká wó ògiri náà, ó ta okùn pupa síwájú ẹ̀, ó lé àwọn ọmọ kúrò, ó ní òun ń bọ̀ lọ́la.

Àbúrò mi kùn títí, kò fọwọ́ kan búlọ́ọ̀kù kan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, atẹ́gùn òjò dé. Gbàgà! Ògiri wó lulẹ̀. Mo sáré jáde láìwọ bàtà, mò ń ké pe ọmọ mi.

"Màámi, mo wà níbí!"

Ẹ̀yìn okùn pupa ló wà, níbi tí búlọ́ọ̀kù ò dé. Bẹ́ǹṣì wọn ti rún wómúwómú lábẹ́ búlọ́ọ̀kù. Ọ̀gá Lébẹ̀lì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún. "Àǹtí mi, òkè nìkan ni mò ń wọ̀n. Mi ò wo ìsàlẹ̀ rárá."

Obìnrin onítéépù dé bó ṣe ṣèlérí. Mo dì mọ́ ọn, mò ń dúpẹ́. Ó ní, "Ó ti tó, mà. Ẹ ṣáà wá gbàwé àṣẹ lọ́tẹ̀ yìí."

A gbà á. Wáyà ló wà lókè ògiri wa báyìí, tiransifọ́mà sì ní géètì tirẹ̀. Gíláàsì mi ò fọ́ mọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kẹ́ ẹ tó mọ ògiri yí pápá ká, ẹ lọ béèrè bó ṣe yẹ kó ga tó. Ẹ má gbé ògiri gíga lé ìpìlẹ̀ ògiri kékeré. Ẹ fi ọ̀nà sílẹ̀ fáwọn òṣìṣẹ́ iná. Tí onítéépù bá sì kan ilẹ̀kùn yín, ẹ fún un ní àga kẹ́ ẹ tó lanu. Ẹni tó gba ọmọ mi là lèmi bú.